Kọ̀ǹpútà Tí A Ó So Mọ́ Tẹlifíṣọ̀n Ilé: Ohun Tó Yẹ Ká Yẹ̀ Wò Ká Tó Náwó



Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí lónìí, wáàsí tí a fẹ́ gbọ́ wà nínú fóònù bàbá, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wà nínú fóònù ìyá, kíké Àlùkùránì tí gbogbo ilé fẹ́ràn wà nínú memory card kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí ibi tó wà mọ́, wáàsí àtijọ́ sì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ra kọ̀ǹpútà tí wọ́n á so mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, kí ohun gbogbo lè wà lójú kan, kí tọmọdé tàgbà sì jọ máa wò ó.

Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n owó gidi ló ń bá a lọ. Ẹni tó bá ra èyí tí kò yẹ ilé rẹ̀ lè fi owó oṣù mélòó kan ṣòfò. Òkè-Oyì, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin lójú ọ̀nà Jẹ́bà, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àlàyé yìí, nítorí pé ìṣòro ibẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ dì mú: ẹ kọ́kọ́ wo iná tí ẹ ní, lẹ́yìn náà ẹ wo ohun tí ilé yín fẹ́ máa lò ó fún. Agbára kọ̀ǹpútà ló gbẹ̀yìn.

Iná ni ká kọ́kọ́ bi léèrè

Òkè-Oyì, bíi Ìlọrin, wà lábẹ́ iléeṣẹ́ apínnáká IBEDC. Àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná ní Nàìjíríà ti pín oníbàárà sí ìsọ̀rí márùn-ún. Ìsọ̀rí A ni wọ́n ní kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, B wákàtí 16, C wákàtí 12, D wákàtí 8, E wákàtí 4. Ẹ mọ ìsọ̀rí tí ilé yín wà, kí ẹ sì fi ojú ara yín ka wákàtí tí iná ń wà ní tòótọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Wákàtí tó kù, inverter, sólà tàbí jẹnẹrétọ̀ ni yóò gbé kọ̀ǹpútà yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì kan tó jẹ́ 12 volt, 100Ah, ní 1,200 watt-hour nínú. Bí ó bá jẹ́ bátìrì alásíìdì, kò yẹ ká lò ó kọjá ìdajì, kó má baà tètè kú. Ó ku 600. Inverter fúnra rẹ̀ á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ká ní 500 ló ṣeé lò.

Tẹlifíṣọ̀n LED 32-inch ń jẹ nǹkan bíi watt 45, sípíkà kékeré nǹkan bíi 20. Bí kọ̀ǹpútà kékeré tó ń jẹ watt 20 bá kún un, gbogbo rẹ̀ di 85. Bátìrì yẹn á gbé e fún wákàtí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ta géèmù, tó ń jẹ watt 120 nígbà tó bá ń ṣe fídíò lásán, àpapọ̀ di 185, kò sì ní tó wákàtí 3. Nínú oṣù Ramadan, ìyẹn ni ìyàtọ̀ láàrin kí ilé wo tafsir dé òpin, kí ó sì tún kù fún gílóòbù àti fáànù, àti kí gbogbo rẹ̀ kú láàrin ọ̀rọ̀.

Iná NẸ́PÀ náà ní tirẹ̀. Watt 100 tí kọ̀ǹpútà ńlá fi ju kékeré lọ, bí a bá ń tàn án fún wákàtí 5 lójoojúmọ́, di yúnìtì 15 lóṣù kan. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra yúnìtì kan ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan, ẹ ó rí ohun tí ìwọra ń náni.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà

Ọpọlọ ni àwọn oníṣòwò ń pè ní processor. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ó bá ṣe lágbára tó ni fídíò á ṣe dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fídíò tó wà nínú fáìlì dà bí ẹní tí a ká. Ọpọlọ ló ń tú u kó tó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Bí ibi àkànṣe tó ń tú irú ẹní yẹn bá wà nínú ọpọlọ náà, iṣẹ́ náà kò ní ni í lára rárá. Bí kò bá sí, gbogbo ọpọlọ ni yóò kó ara rẹ̀ jọ ṣe é, yóò gbóná, fáànù á máa pariwo, àwòrán á sì máa gé.

Oríṣi ìká mẹ́rin ló wọ́pọ̀: H.264, HEVC, VP9 àti AV1. Èyí àkọ́kọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí kọ̀ǹpútà tí kò lè tú u. Ní ti Intel Core, ìran kẹfà tó jáde ní 2015 ń tú HEVC tó jẹ́ 8-bit. Ìran keje fi HEVC 10-bit àti VP9 kún un. Ìran kọkànlá ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú AV1. Ọpọlọ kékeré kan tó ń jẹ́ N100, tó jáde ní 2023, ń tú gbogbo wọn, iná díẹ̀ ló sì ń jẹ.

Báwo ni a ṣe ń mọ ìran? Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀. Nínú i5-6500T, 6 tó ṣíwájú túmọ̀ sí ìran kẹfà. Nínú i5-10500T, 10 túmọ̀ sí ìran kẹwàá. Lẹ́tà T tó kẹ́yìn fi hàn pé wọ́n ṣe é kó máa jẹ iná díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi i7 àtijọ́ dán yín lójú. Fún iṣẹ́ tí à ń sọ yìí, i3 ìran keje sàn ju i7 ìran kẹta lọ.

Ibi tí owó yín ti máa lérè jù ni àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kékeré tí àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun lò tí wọ́n sì kó jáde: OptiPlex Micro ti Dell, EliteDesk Mini ti HP, ThinkCentre Tiny ti Lenovo. Òró àti ìbú wọn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 lọ, a lè tì í sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ṣájà bíi ti láptọ́ọ̀pù ni wọ́n sì fi ń gba iná. Ẹni tó bá fẹ́ to tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lè ra pátákó tí N100 ti wà lára rẹ̀, àpótí kékeré tí atẹ́gùn ń wọ̀, àti RAM. Nínú méjèèjì, kò sídìí láti ra káàdì àwòrán ọ̀tọ̀. Káàdì yẹn wà fún géèmù, òun sì ló ń jẹ iná jù.

RAM àti ibi ìpamọ́

RAM 8GB tó fún wáàsí, fíìmù àti lílọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí ẹyọ méjì tó jẹ́ 4GB, ó dára ju ẹyọ kan tó jẹ́ 8GB lọ, nítorí pé ọpọlọ tó ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ ń fẹ́ kí ọ̀nà RAM jẹ́ méjì. Ẹ rí i dájú pé RAM tí ẹ rà bá pátákó yín mu: DDR3 kò lè wọ ibi DDR4, ti láptọ́ọ̀pù kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti kọ̀ǹpútà ńlá. Ti láptọ́ọ̀pù ni kọ̀ǹpútà kékeré ń lò.

Ibi ìpamọ́ yẹ kó jẹ́ méjì. Èkíní ni SSD 128GB tàbí 256GB, níbi tí ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà yóò wà. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tètè jí. Èkejì ni hard disk 1TB tí ẹ ó kó wáàsí àti fídíò sí. Ẹ má bẹ̀rù pé ó kéré. Wáàsí ohùn wákàtí kan tí a fi MP3 pamọ́ ní 128 kbps jẹ́ nǹkan bíi 58MB. Fídíò wákàtí kan tó mọ́ dáadáa lè jẹ́ nǹkan bíi 1.8GB, nítorí náà 1TB á gba irú rẹ̀ tó ju 500 lọ.

Ojú àti ohùn

Kí ẹ tó ra kọ̀ǹpútà, ẹ lọ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín. Ihò HDMI ni ẹ ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ kékeré yẹn jẹ́ pé DisplayPort ni wọ́n ní, wọn kò ní HDMI. Okùn tàbí ìsopọ̀ tó ń yí DisplayPort sí HDMI wà lọ́jà, ẹ fi owó rẹ̀ kún ètò yín. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ olójú gbígbórín, tó jẹ́ ihò yẹ́lò, pupa àti funfun nìkan ló ní, lè gba àwòrán nípasẹ̀ ẹ̀rọ kékeré tó ń yí i padà, ṣùgbọ́n ìwé ojú kọ̀ǹpútà kò ní ṣeé kà dáadáa. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ló yẹ kó ṣáájú kọ̀ǹpútà. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi 4K tà yín lójú nígbà tó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n 32-inch ni ẹ ní. Láti orí àga pálọ̀, 1080p tẹ́ ojú lọ́rùn.

Ní ti ohùn, sípíkà mẹ́fà tó yí pálọ̀ ká dára fún fíìmù, ṣùgbọ́n wáàsí jẹ́ ohùn ẹnì kan. Sípíkà méjì tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde ketekete sàn ju mẹ́fà tó kàn ń dún gìrìgìrì lọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ àtijọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, okùn kan ṣoṣo láti ihò etí kọ̀ǹpútà sí ihò pupa àti funfun ẹ̀yìn rẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Ibí yìí ni a rò pé kọ̀ǹpútà yìí ti máa wúlò jù fún àwọn ìdílé Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀. Iléeṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn ènìyàn wa fi ń gba wáàsí sórí rẹ̀. Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilori, tó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955, jáde láyé ní 1992. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà kò lè gbọ́ ohùn rẹ̀ àyàfi nínú ohun tí a gbà sílẹ̀. Ohùn olókìkí bíi tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ti ààfáà àdúgbò ńkọ́, ẹni tó ṣe wáàsí níbi wòlíímọ̀ tàbí ìsọmọlórúkọ nílé yín? Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù nínú ohùn rẹ̀ láyé. Ooru, eruku ọyẹ́ àti ọ̀rinrin òjò sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́.

Láti gbà á là, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní ihò tó ń gba ohùn wọlé. Lára kọ̀ǹpútà ńlá, àwọ̀ búlúù ló sábà máa ń ní. Àwọn kọ̀ǹpútà kékeré tí a dárúkọ kì í sábà ní in, nítorí náà ẹ ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré tó ń wọ ihò USB, kí ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ní ihò line-in. Èyí tó jẹ́ ti máíìkì nìkan kò tó. Ẹ fi okùn so rédíò kásẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, kí ẹ lo Audacity, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, láti gbà á. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan á gba wákàtí kan. Kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀. Ọgọ́rùn-ún kásẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ìṣẹ́jú 90 jẹ́ wákàtí 150, ní MP3 kò sì tó 9GB.

Ẹ kọ orúkọ oníwàásí, ibi tó ti ṣe é àti ọdún rẹ̀ sára fáìlì kọ̀ọ̀kan nígbà tí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣì wà. Ẹ ṣe ẹ̀dà kejì sínú hard disk mìíràn tí yóò wà ní ilé ẹlòmíràn nínú ẹbí, nítorí kò sí hard disk tí kì í kú. Kí ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ oníwàásí tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ètò tó ń darí rẹ̀

Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Ní ti Intel Core, láti ìran kẹjọ ni Windows 11 sì ti ń gbà ní gbogbogbòò. Nítorí náà, bí wọ́n bá tà yín ní ìran kẹfà tàbí keje pẹ̀lú Windows 11, ọ̀nà ẹ̀bùrú ni wọ́n gbà. Ẹ kò nílò rẹ̀. LibreELEC jẹ́ ètò ọ̀fẹ́ tó ń sọ kọ̀ǹpútà di ohun ìwòran pálọ̀, Kodi ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa tẹ ìwé, kó sì tún lo Audacity lè fi Linux Mint sí i, kó sì fi Kodi sórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, a ò sì ní jí iṣẹ́ oníṣẹ́ lò. Fóònù Android lè di rìmóòtù Kodi pẹ̀lú ètò tí wọ́n ń pè ní Kore, bí fóònù àti kọ̀ǹpútà bá wà lórí Wi-Fi kan náà.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà

Ẹ̀sìn wa kọ̀ fún ọlọ́jà láti fi àléébù ọjà pamọ́, ìtàn Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pẹ̀lú ẹni tó fi ọkà tútù sábẹ́ èyí tó gbẹ kò sì ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n oníbàárà náà gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀. Ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

– Ẹ ní kí wọ́n tàn án níwájú yín, kó sì ṣe fídíò fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ fetí sí fáànù rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀.

– Bí Windows bá wà lórí rẹ̀, ẹ lo CrystalDiskInfo láti wo ìlera hard disk àti wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Bí ó bá kọ Caution tàbí Bad, ẹ má rà á.

– Ẹ ka ohun tó wà lára ṣájà. Bí ó bá kọ 100–240V, kò séwu. Bí ó bá jẹ́ 110V tàbí 120V nìkan, bíi ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ohùn tó ti Amẹ́ríkà wá, iná 230V ti Nàìjíríà á jó o lọ́jọ́ kan náà.

– Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìrajà, kí ẹ sì jọ fẹnu kò lórí iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà.

Stabilizer náà ṣe pàtàkì níbi tí iná kì í dúró lójú kan. Ẹ sì máa tú eruku inú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ọyẹ́ lọ́dọọdún.

Ilé tí yóò lò ó

Pálọ̀ ni kí kọ̀ǹpútà yìí wà, kì í ṣe yàrá àwọn ọmọ. Bí ọmọ bá ń wo ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí yóò tẹ̀lé e kò sí lọ́wọ́ òbí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú hard disk yín, ẹ̀yin lẹ yàn án, kò ní ìpolówó, kò sì jẹ dátà. Ẹ ya orúkọ ìwọlé àwọn ọmọ sọ́tọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà. Kí ohùn rẹ̀ má di ìnira fún aládùúgbò, kó má sì gba àsìkò ìrun mọ́ wa lọ́wọ́.

Bí owó kò bá tó lẹ́ẹ̀kan náà

Ẹ má yá owó èlé nítorí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ra kọ̀ǹpútà kékeré tó ní SSD àti 8GB. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ USB tó ń gba ohùn wọlé, nítorí kásẹ́ẹ̀tì kò lè dúró de yín. Lẹ́yìn náà, hard disk méjì. Sípíkà tuntun ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e báyìí á ní ohun tí agbára iná rẹ̀ lè gbé, tí ilé rẹ̀ á sì jàǹfààní rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ohun tí a bá rà, kí Ó ṣe é ní ìmọ̀ tó ń ṣàǹfààní fún àwọn ọmọ wa, kí Ó sì forí jin àwọn àgbà ààfáà wa tí ohùn wọn ṣì ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Àmín.